Ìyá Ìbejì fẹ́ di awakọ̀ tírélà: ọkọ̀ ta ni, ọ̀nà wo sì ni?

Ìyá kan ló kọ̀wé sí mi láti Orílẹ̀-Ìgànmú. Ẹni ọdún 36 ni. Ó bí ìbejì tó ti di ọmọ ọdún 9, bàbá wọn ò sì sí mọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì àwọn ejẹ́ǹtì tó ń báni gba ẹrù jáde ní Àpápá. Owó oṣù rẹ̀ kì í bá a dé ìparí oṣù. Ó mọ mọ́tò kékeré wà dáadáa, òun ni wọ́n máa ń rán jáde pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ojoojúmọ́ ni mò ń kọ orúkọ àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà sínú ìwé, mo sì ń rí iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù kan ṣoṣo. Ó ti wù mí kí n fi bírò sílẹ̀ kí n di sítíárìn mú. Màmá mi ní kí n má dán an wò, pé iṣẹ́ ọmọ ìta ni, pé apá obìnrin ò ká a. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa sì ní òun á gbé tírélà òun fún mi, kí n máa wà á, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tèmi. Ṣé kí n gbà á?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójúkúrò, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má gba ọkọ̀ yẹn o. Iṣẹ́ náà ní tirẹ̀, ẹ lè ṣe é, ẹ sì lè ṣe é dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá àdúgbò yín yẹn.

Ọ̀rọ̀ apá tí Màmá sọ kì í ṣe irọ́ láyé ìgbà tí wọ́n dàgbà. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 ń kó ẹrù, sítíárìn míì wà tó jẹ́ pé ọkùnrin gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga kó tó lè yí i. Tírélà òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń ran sítíárìn lọ́wọ́, kílọ́ọ̀ṣì ọ̀pọ̀ nínú wọn fúyẹ́, búréèkì sì ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin ń wa BRT l'Ékòó yìí, èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè apá wọn mọ́. Ibi tí apá ti ń ṣiṣẹ́ lórí tírélà ni kí a máa fa tapólì, kí a máa ti táyà. Ìyẹn náà, mọ́tò bọ́ì àti fọkanáísà wà fún un. Èmi tí mò ń kọ èyí ti wà á, àwọn tó fẹ́ wà á ni mo sì ń kọ́ báyìí ní Kirikírì. Kò tíì sí obìnrin kan tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lójú mi nítorí pé sítíárìn wúwo.

Ìdúró ló ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọ́fíìsì tí ẹ jókòó sí, owó tó wọlé lẹ̀ ń rí, ẹ ò rí òru tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ rántí bí Àpápá ṣe rí ṣáájú oṣù kejì ọdún 2021, kí NPA, àjọ tó ń rí sí èbúté, tó gbé ètò ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ètò jáde. Láti Mile 2 títí wọ èbúté Tin Can, tírélà tò gbọọrọ. Wọ́n tò sórí afárá Ìjọra pẹ̀lú. Dẹ́rẹ́bà á lo ọ̀sẹ̀ kan, á lo méjì, kó tó fojú kan géètì. Inú ọkọ̀ ló ń sùn, ẹ̀gbẹ́ táyà ló ti ń wẹ̀. Ètò mú un dín kù, mi ò ní parọ́. Ó yẹ kí ọkọ̀ wà ní páàkì tí wọ́n fọwọ́ sí, irú bíi Lilypond ní Ìjọra, títí tí ìpè rẹ̀ á fi dé, kó tó forí lé èbúté. Ìjọba Èkó náà ti gbé irú rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 2025, nítorí tírélà àti táńkà tó ń lọ sí èbúté Lẹ́kì àti ilé ìfọpo Dáńgótè. Ṣùgbọ́n ìdúró ṣì ni. Páàkì ni wọ́n kàn gbé e lọ, kì í ṣe títì mọ́.

Ohun kejì tó so mọ́ ọn ni òru. Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé tírélà ò gbọdọ̀ rìn nígboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mẹ́sàn-án alẹ́, àyàfi táńkà epo àti bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Ọ̀pọ̀ ń rú òfin yìí, ẹ̀yin náà ń rí wọn lọ́sàn-án gangan. Tí wọ́n bá wá mú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló máa ń yọ owó ìtanràn lára owó dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, òru ló máa fi ṣe é. Ìyá Ìbejì, ta ni yóò sùn ti Táíwò àti Kẹ́hìndé? Kí ẹ dáhùn ìyẹn kí ẹ tó ronú kan jíà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọkùnrin kì í sọ fún yín torí pé kì í ṣe ìṣòro wọn. Ibo lẹ máa ti tọ̀? Ọkùnrin á yí ẹ̀yìn padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tán. Obìnrin tó wà nínú ìlà fún wákàtí mẹ́fà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń ṣe ohun tó burú jù: a ò ní mu omi. Oòrùn ń pa ọ, ooru ẹ́ńjìnnì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àga, o sì ń fi òùngbẹ jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àrùn ilé ìtọ̀ ló ń ti ibẹ̀ wá, ẹ̀yìn sì ń dun èèyàn mọ́ ọn. Ẹ mọ àwọn ilé epo tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ṣeé wọ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí ẹ ń rìn, ẹ máa ra epo lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n lè mọ̀ yín. Ẹ gbé ike tó ní ọmọrí dáadáa sẹ́yìn àga, ẹ ta aṣọ sí fèrèsé, ẹ tọ́jú omi ìfọwọ́ àti páàdì síbi tí ọwọ́ á ti tètè tó o. Nǹkan oṣù kì í dúró de ìpè èbúté.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọkọ̀ bàbá yẹn. Kí gbogbo rẹ̀ lè yé yín, ẹ wo abẹ́ tírélà dáadáa lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé kọ̀ǹténà gígùn, èyí tí a ń pè ní fọ́tì-fíìtì, táyà 22 ló wà lábẹ́ wọn: 10 lábẹ́ orí, 12 lábẹ́ ẹ̀yìn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló bẹ́ lónìí, òmíràn á bẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́dún 2024, dísẹ́ẹ̀lì kọjá ₦1,000 fún lítà kan. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ máa san owó ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí gíábọ́ọ̀sì bá fọ́, ẹ máa san. Ọ̀sẹ̀ tí ìpè ò jáde, ẹ máa san. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá ń ṣàìsàn ńkọ́? Ẹ máa san án náà ni. Ẹni tó ti wa tírélà fún ọdún mẹ́wàá, tó ní mékáníìkì tirẹ̀, tó mọ oníbàárà tó ń tètè sanwó, ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ká a. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, gbèsè ni wọ́n gbé lé e lórí. Lópin rẹ̀, ọlọ́kọ̀ á gba ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ní dá kọ́bọ̀ padà nínú èyí tí ẹ ti san.

Owó nìkan kọ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn tírélà, irin kúkúrú kan máa ń yọrí sókè. Inú ihò tó wà ní ìsàlẹ̀ kọ̀ǹténà ló ń wọ̀. Tí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀, orí irin náà á dábùú nínú ihò, kọ̀ǹténà ò sì ní lè gbéra lórí ọkọ̀ mọ́. Lọ́ọ̀kì nìyẹn. Tí ẹ bá lọ wo tírélà bàbá yẹn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí èyí tó ti dípẹtà tí kò yí mọ́. Ẹ ó rí ibi tí ọ̀kan ti gé kúrò, tí wọ́n fi wáyà dì í. Àwọn dẹ́rẹ́bà kan tiẹ̀ wà tí lọ́ọ̀kì wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láì tì í. Wọ́n gbà pé tí kọ̀ǹténà bá máa ṣubú, kó dá lọ, kó má fa ọkọ̀ àti àwọn mọ́ra. Ẹ ronú sí i: kọ̀ǹténà tó kún lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, ẹnì kan sì pinnu pé kó bọ́ sórí ẹni yòówù tó bá wà nísàlẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà bọ́ láti orí afárá Òjúẹlẹ́gbà sórí bọ́ọ̀sì èrò. Èèyàn 9 ló kú. Lọ́dún 2015, ní ibi afárá yẹn kan náà, kọ̀ǹténà pa èèyàn 3 nínú mọ́tò kan. Ẹ̀yin náà ti dúró lábẹ́ afárá yẹn rí, ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé lọ́ọ̀kì ò ṣe pàtàkì, ẹ sá fún ọkọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fẹ́ gbé e fún yín.

Ọkọ̀ ta ni kí ẹ wá wà nígbà náà? Ti ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó ń tún un ṣe, tó sì ń kó ẹrù tirẹ̀ fún oníbàárà: ohun mímu, ìyẹ̀fun, ọṣẹ, nǹkan ìkọ́lé. Wọ́n pọ̀ ní Ìkejà, Ìlúpéjú, Ìsọlọ̀ àti ní Àpápá níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tó ń jáde láàárọ̀ tó sì ń padà sílé lálẹ́. Owó rẹ̀ ò tó ti wọ́ọ̀fù, ìyẹn èbúté, lórí ìwé, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ ó mọ iye tó ń wọlé lóṣooṣù, ẹ ó sì máa rí àwọn ọmọ yín. Ìgbà tí ẹ bá ti fi ọdún kan tàbí méjì mọ bí ẹrù ṣe ń ti ọkọ̀ níwájú àti bó ṣe ń fà á sẹ́yìn, ẹ wá gun tírélà. Ọ̀nà jíjìn, ti Kánò àti Màídúgùrí, ẹ má tíì dá a lábàá rárá. Kánò nìkan ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Èkó, àwọn ajínigbé sì wà lójú ọ̀nà. Táńkà epo náà, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀.

Ní ti ìwé, láìsẹ́ńsì tí ẹ ń lò fún mọ́tò ọ̀gá ò gbé yín dé orí tírélà. Kíláàsì G ni FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò á dán yín wò, ẹ ó wá lọ ya àwòrán, kí ẹ tẹ ìka. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ra á lẹ́yìn kọ́ńtà, torí lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ ìdójútòfò máa kọ́kọ́ bèèrè. Èkó tún ní LASDRI tirẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ojú wò. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù lọ kì í ṣe bí a ṣe ń lọ, bí a ṣe ń dúró ni. Búréèkì tírélà ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Aago kan wà níwájú yín tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó wà nínú àgbá, ó sì yẹ kó gòkè dé nǹkan bí 100 sí 120 psi kí ẹ tó gbéra. Tó bá ń wá sílẹ̀ sí 60, ọkọ̀ tó péye á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó jáde, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ wá máa wo ọwọ́ aago yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ wàrà, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ẹ pa rédíò, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣìì lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ yẹn jáde, ohun yòówù kí ọ̀gá wí.

Ẹ má sì gbà kí dẹ́rẹ́bà kankan kọ́ yín ní fírì. Tí wọ́n bá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní jíà kí dísẹ́ẹ̀lì má baà jó púpọ̀. Ọkọ̀ á wá máa sáré fúnra rẹ̀, búréèkì nìkan ló kù tó ń dá tọ́ọ̀nù 30 dúró, á gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Jíà kékeré lẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn, kí ẹ sì ti fi jíà yẹn sí i kí ẹ tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ rántí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, tí táńkà kan ṣubú tó sì gbiná, tí èèyàn 9 kú, tí ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ni mo máa ń mú àwọn tí mò ń kọ́ lọ lóru, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ò ní: ẹ mọ ìwé. Ẹ mọ bí dímọ́réèjì, owó tí wọ́n ń san tí kọ̀ǹténà bá pẹ́ jù, ṣe ń gùn. Ẹ mọ ohun tó wà nínú wébíìlì, ìwé tó ń tẹ̀ lé ẹrù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọkùnrin tó ń fọwọ́ síwèé láì kà á, tó ń gbé kọ̀ǹténà jáde láì wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà lára sííìlì bá ti inú ìwé mu. Tí ẹrù bá dín lọ́hùn-ún, wọ́n á ní òun ló jí i. Ẹ̀yin ò ní ṣe irú ẹ̀, ẹ ti ń ka nọ́ńbà yẹn láti ọdún pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tí ẹ bá lọ mọ èyí. Awakọ̀ tó mọ ìwé lè di ẹni tó ń darí ọkọ̀ ogún lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ fi ojú ìwé yẹn kan náà wo ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Ẹ bèèrè bóyá owó oṣù ló wà tàbí owó orí ẹrù nìkan. Owó ọ̀nà ńkọ́, ta ló ń san án fún àwọn agbèrò? Tí nǹkan bá bàjẹ́, lọ́rùn ta ni? Ṣé onídùúró tí wọ́n ní kí ẹ mú wá máa san owó ọkọ̀ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀? Kí ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ń sanwó lórí yín fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀san òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀san òṣìṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa san owó náà, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá kú, lè rí nǹkan gbà. Ìyá tó jẹ́ òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ méjì ò gbọdọ̀ tijú bèèrè èyí. Ilé iṣẹ́ tó bá bínú sí ìbéèrè yín ti dá yín lóhùn.

Àwọn ọkùnrin ojú ọ̀nà? Wọ́n á pariwo. Àwọn kan á gbóríyìn fún yín, àwọn kan á ní kí ẹ lọ dáná. Ẹ ó gbọ́ ọ títí etí yín á fi di sí i. Ẹni tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni ẹni tó ń pín ẹrù fún àwọn dẹ́rẹ́bà nínú ọgbà. Òun ló mọ ẹni tó máa gbé ẹrù tó dára lónìí àti ẹni tó máa jókòó. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ìyẹn bèèrè ohun tí kò yẹ lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Tí kò bá sí obìnrin kankan, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pátápátá, ní gbangba, ta ni ẹ máa fẹjọ́ sùn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Mọ́tò bọ́ì tí wọ́n bá fi sínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ mọ ilé ẹ̀, ẹ mọ ìyá ẹ̀.

Ẹ má tíì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ lo ìsinmi ọdún yín. Ẹ wá dẹ́rẹ́bà àgbàlagbà kan lára àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì yín, ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í mu ọtí, kí ẹ bá a jókòó láti páàkì dé géètì, láti géètì dé ilé oníbàárà, títí dé ibi tó ti ń dá kọ̀ǹténà òfìfo padà. Kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Tí ẹ bá jí lẹ́yìn ìyẹn tí ó ṣì ń wù yín, ó wù yín lóòótọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti Màmá. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí apá obìnrin mọ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á lè máa wá sùn ti àwọn ìbejì lálẹ́ tí iṣẹ́ bá gba òru. Tí wọ́n bá gbà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Tí wọn ò bá gbà, iṣẹ́ àárọ̀-sí-alẹ́ lórí ọkọ̀ kékeré nìkan ni kí ẹ wá, kí tírélà dúró títí Táíwò àti Kẹ́hìndé á fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì.